Òfin Ìbọn Tó Fẹ́ Kógbá Sílé: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣírò Iye Tí Ráífù Àkójọ Yóò Jẹ́ Lẹ́yìn Rẹ̀

Owó méjì ló máa ń wà nínú iye tí wọ́n ń dá lé ráífù àkójọ ní Amẹ́ríkà. Èkíní ni owó ìbọn gan-an: ọdún tí wọ́n rọ ọ́, ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́, bó ṣe pé tó, bí irú rẹ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Èkejì ni owó òfin, ìyẹn èlé tí olùrà ń san nítorí pé òfin kan kò jẹ́ kí wọ́n rọ irú rẹ̀ mọ́ tàbí kí wọ́n kó o wọlé. Ọjọ́ tí òfin náà bá parí, owó òfin nìkan ló ń bá a lọ. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ á ta èyí tó yẹ kó fi pamọ́, á wá di èyí tó yẹ kó tà mọ́ra.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1994 sí 2004 ló fi èyí hàn jù. Ní 13 Oṣù Kẹsàn-án 1994, Ààrẹ Bill Clinton buwọ́ lu òfin àpapọ̀ kan tó dárúkọ àwọn ìbọn kan ní tààrà: Colt AR-15, oríṣiríṣi AK, Uzi, Galil, FN FAL, FNC, Steyr AUG. Ó wá fi àmì mú àwọn tí kò dárúkọ: ráífù tó ń ki ara rẹ̀, tí mágásìnì rẹ̀ ṣeé yọ, tó sì ní ó kéré tán méjì nínú nǹkan márùn-ún. Àwọn ni ìdí ìbọn tó ń ká tàbí tó ń sún, ìdìmú bíi ti ìbọn ìléwọ́ tó yọ sísàlẹ̀, ibi tí wọ́n ń so ọ̀bẹ ojú ogun mọ́, ohun tó ń pa iná ẹnu ìbọn (tàbí ẹnu ìbọn tí wọ́n gé bíi síkúrúù láti gbà á), àti ohun ìyin gìrènéèdì. Mágásìnì tó ń gba ju ọta 10 lọ náà kò ṣeé rọ fún ará ìlú mọ́. Èyí tó ti wà lọ́wọ́ èèyàn lọ́nà tó bófin mu kí ọjọ́ náà tó pé, òfin kò bá a wí. Ó ṣeé tà, ó ṣeé rà. Apá 110105 nínú òfin náà gan-an sì sọ pé ọdún mẹ́wàá ni yóò lò.

Owó ìbọn wọ̀nyí fò sókè kí òfin tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ rí i, wọ́n rọ ìbọn bí ẹni tí òjò fẹ́ ká mọ́ ìta, nígbà tí òfin sì dé tán, èyí tó wà lọ́jà ti pọ̀ ju ohun tí àwọn èèyàn ń wá lọ. Owó tún já wálẹ̀ láàárín ìgbà díẹ̀. Ẹni tó rà á ní góńgó ìgbà náà pàdánù lábẹ́ òfin tó rò pé yóò sọ òun di olówó. Kì í ṣe ọjọ́ ìparí nìkan ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ni.

Nígbà tó di 13 Oṣù Kẹsàn-án 2004, òfin náà kógbá sílé. Kó tó dìgbà náà, ní 2 Oṣù Kẹta ọdún yẹn, ilé aṣòfin àgbà ti dìbò 52 sí 47 láti fi ọdún mẹ́wàá kún un, ṣùgbọ́n wọ́n so àfikún náà mọ́ àbá òfin mìíràn, àbá yẹn sì ṣubú pátápátá, 8 sí 90. Ẹni tó ka ìbò àkọ́kọ́ nìkan nínú ìwé ìròyìn á ti sáré ra mágásìnì. Ẹni tó ka èkejì mọ̀ pé ó ti parí.

Ohun tó já wálẹ̀ lẹ́yìn náà kò rí bákan náà fún gbogbo ìbọn. Mágásìnì AR-15 tó ń gba ọta 30 di ọ̀pọ̀, nítorí tuntun ń ṣe iṣẹ́ kan náà. AR-15 lásán tí ohun kan ṣoṣo tó fi níyì jẹ́ pé ó ní ibi ìso ọ̀bẹ àti ìdí tó ń sún pàdánù èlé rẹ̀ bákan náà. Ṣùgbọ́n HK91 ti Jámánì, Galil ti Ísírẹ́lì, Steyr AUG àkọ́kọ́ àti AK Poly Tech ti Ṣáínà dúró síbi tí wọ́n wà. Òfin mìíràn ṣì dì wọ́n mú, ìparí ti 2004 nìkan kò tú wọn sílẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó dá iye lé ohunkóhun

Òfin wo gan-an ló ń di owó yìí mú, ṣé ó sì ní ọjọ́ ìparí? Èyí tí ọjọ́ ìparí wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Ìdènà ìkówọlé ti 1989, lábẹ́ ìjọba Ààrẹ George H. W. Bush, kò ní. Orí òfin 1968 tó ní ìbọn tí wọ́n bá kó wọlé gbọ́dọ̀ yẹ fún eré ìdárayá ni wọ́n gbé e kà. Ìdènà ìbọn Ṣáínà tí Clinton ṣe ní Oṣù Karùn-ún 1994 kò ní. Òfin 19 Oṣù Karùn-ún 1986 tó ti ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìbọn arọ̀jò-ọta pa fún ará ìlú kò ní, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí M16 kan tó wà nínú ìwé náà fi ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí AR-15 tó jọ ọ́ bí ìbejì kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Owó òfin ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà lọ́la, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ẹ má fi àṣẹ ààrẹ tàbí ti ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó òfin ìbọn, ṣe òfin tó ní ọjọ́ ìparí. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lè lọ ní ọ̀sán kan, ó sì lè dé ní ọ̀sán kan, kò ní fún yín lọ́dún mẹ́wàá láti múra.

Ìbéèrè kejì: ṣé òfin mìíràn wà lẹ́yìn èyí tó fẹ́ parí? FN FAL tí wọ́n kó wọlé ní ọdún 1980 sí 1988 wà lábẹ́ òfin 1994, ó tún wà lábẹ́ ìdènà 1989. Ilẹ̀kùn kan ṣí ní 2004, èkejì ṣì wà ní títì. Nígbà mìíràn ilẹ̀kùn tuntun á tún tì lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ bá ṣí: ní Oṣù Keje 2005, kò tíì pé ọdún kan tí òfin 1994 lọ, ATF kọ lẹ́tà pé ọ̀pá ìbọn kò gbọ́dọ̀ bá àwọn ẹ̀yà ìbọn ológun tí wọ́n tú palẹ̀ wọlé mọ́. Láti ọjọ́ náà ni àpò ẹ̀yà tí ọ̀pá rẹ̀ ti ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ ti ní iye tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìbéèrè kẹta ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé: bí òfin bá lọ tí tuntun sì ya wọlé, ṣé ojú lè dá èyí àtijọ́ mọ̀ lára tuntun? Òfin 1968 dí ìbọn ológun tí wọ́n ti lò lọ́nà. Ní 1984 wọ́n ṣí ọ̀nà padà fún èyí tó bá wà nínú ẹ̀ka ìbọn àtijọ́ (“curio or relic” lédè Gẹ̀ẹ́sì). Àwọn ráífù ológun bíi Mauser, Mosin-Nagant àti SKS ya wọlé. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó wọlé báyìí gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ẹni tó kó o wọlé: orúkọ, ìlú àti ìpínlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú orílẹ̀-èdè tí ìbọn ti wá. Nítorí náà K98k, ráífù Mauser ti Jámánì, tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé bọ̀ láti ojú ogun, tí kò ní òǹtẹ̀, kò bá àwọn yòókù ṣubú. Ojú kan péré ti tó láti yà á sọ́tọ̀. Mágásìnì lásán kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, àyàfi èyí tí orúkọ Colt àti Hartford wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí akójọ-ìbọn (ẹni tó ń kó ìbọn jọ) ń wá láti fi bá ìbọn rẹ̀ mu.

Bí a ṣe ń ya owó òfin sọ́tọ̀

Ìbọn mẹ́ta ni ẹ nílò láti fi wé ara wọn, kì í ṣe méjì. Àwọn èèyàn máa ń mú èyí tó ṣáájú òfin, wọ́n á yọ iye èyí tí wọ́n rọ lábẹ́ òfin kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á pe gbogbo ìyàtọ̀ náà ní owó òfin. Àṣìṣe ni, nítorí iyì ọjọ́ orí náà wà nínú ìyàtọ̀ yẹn.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ wá iye tí wọ́n ta Colt AR-15A2 ti ìparí àwọn ọdún 1980 tó pé, tó wà nínú páálí rẹ̀. Ẹ wá iye Colt Match Target, èyí tí ilé iṣẹ́ kan náà rọ lábẹ́ òfin láìsí ibi ìso ọ̀bẹ àti ohun ìpaná. Ẹ wá iye ẹ̀kẹta: AR-15 tó ṣáájú 1994, tó ní gbogbo ohun tí òfin kọ̀, àmọ́ tí wọ́n fi ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tò jọ, tí akójọ-ìbọn kankan kò lè fi ṣe yangàn. Ká fi nọ́ńbà ìṣirò lásán ṣe é: 2,000 dọ́là, 1,300 àti 1,700. Èyí tí wọ́n tò jọ fi 400 ju Match Target lọ. Owó òfin nìyẹn, nítorí kò sí iyì mìíràn lára rẹ̀. Èyí tó wà nínú páálí fi 300 jù ú lọ. Owó ìbọn gan-an nìyẹn. Bí òfin bá parí, ẹ retí 1,300 àti 300, ìyẹn 1,600. Ẹni tó bá fi ìbọn méjì péré ṣe ìṣirò yóò retí 1,300, yóò sì tà á lọ́pọ̀.

Kí ẹ tó yọ nọ́ńbà kan lára èkejì, ẹ kọ́kọ́ yọ mágásìnì kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìbọn tí wọ́n tà pẹ̀lú mágásìnì mẹ́fà nígbà tí ẹyọ kan ń lọ ní 40 dọ́là ti gbé 240 dọ́là pamọ́ sínú iye rẹ̀, èyí ló sì ń kọ́kọ́ yọ́.

Iye tí wọ́n ti tà á ni kí ẹ lò, ẹ fi iye tí olùtà kọ sílẹ̀ pé òun ń béèrè sílẹ̀. Lórí GunBroker, ìkànnì gbàǹjo ìbọn, ẹ wá àwọn gbàǹjo tó ti parí tí ẹnìkan sì ti ra ọjà náà. Mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹ sì mú èyí tó wà láàárín dípò ìpíndọ́gba, torí olùrà méjì tó ń bá ara wọn díje lè ba ìpíndọ́gba jẹ́. Ní ilé gbàǹjo ńlá, iye tí wọ́n lu òòlù lé kọ́ ni olùrà san. Èlé ilé gbàǹjo wà lórí rẹ̀, olùtà náà sì tún lè san tirẹ̀. Ìbọn tí wọ́n lu ní 5,000 pẹ̀lú èlé ìdá 20 nínú 100 gba 6,000 lọ́wọ́ olùrà. Bí wọ́n bá yọ ìdá 10 lọ́wọ́ olùtà, 4,500 ló dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ pinnu èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ń lò, kí ẹ sì lò ó fún gbogbo ìbọn tí ẹ ń fi wé ara wọn.

Ẹ̀rí ọjọ́ orí

Níbi tí ọjọ́ kan bá ti ń dá iye lé ìbọn, irọ́ nípa ọjọ́ náà kì í pẹ́ dé. Lára ìbọn Heckler & Koch (HK), lẹ́tà méjì ló ń sọ ọdún: A ni 0, B 1, C 2, D 3, E 4, F 5, G 6, H 7, I 8, K 9. Wọ́n fo J. IC jẹ́ 1982, IF jẹ́ 1985. HK91 tí wọ́n pè ní èyí tó ṣáájú ìdènà 1989 tó wá ní KB lára kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí 1991 ló ń sọ. Ẹ wá lẹ́tà yìí lára ìbọn àti lára ọ̀pá rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n bá ara wọn mu.

Ní ti Colt, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SP jẹ́ ti SP1, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún ará ìlú ní 1964. Ilé iṣẹ́ náà ní ẹ̀ka àkọsílẹ̀ tó ń gba owó láti kọ lẹ́tà nípa ọjọ́ tí ìbọn kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ gbà á fún ìbọn tó bá wọ́n. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin 1994, nọ́ńbà nìkan kò tó ẹ̀rí: ara ìbọn lásán (ẹ̀yà tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀) tí wọ́n rọ ní 1993 tí ẹnikẹ́ni kò sì tò di odindi ìbọn pẹ̀lú àwọn ohun tí òfin kọ̀ kí 13 Oṣù Kẹsàn-án 1994 tó dé kò sí lára èyí tí òfin dá sí. Rìsíìtì àtijọ́ tó ṣàpèjúwe ìbọn náà ní odindi níye lórí gan-an níbi tí ìpínlẹ̀ bá ṣì ń lo ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ mìíràn wà tí kò ní yí padà láéláé: ìbọn tí wọ́n rọ ní 1898 tàbí ṣáájú kì í ṣe ìbọn lábẹ́ òfin àpapọ̀ 1968. Ìdí nìyí tí Mosin M39 ti Fínláǹdì méjì tó jọra fi lè ní iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún tí wọ́n tẹ̀ sórí ọ̀pá kọ́ ni ẹ ó wò, nítorí ara ìbọn Rọ́ṣíà àtijọ́ ni wọ́n fi tún un rọ. Ọdún ti ara ìbọn wà lábẹ́ ìrù rẹ̀, inú igi ló fara pamọ́ sí. Ẹ kó ọta kúrò, ẹ yọ ohun ìtì ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi ojú wo inú ihò ọta pé ó ṣófo. Ẹ tú àwọn òrùka tó di igi òkè mú, kí ẹ yọ igi náà. Síkúrúù méjì ló kù: ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ níwájú ilé ọta, èkejì láti òkè ní ìrù. Ẹ lo ìtú síkúrúù tí ẹnu rẹ̀ kún ihò náà dáadáa. Orí síkúrúù tó bó ni ohun àkọ́kọ́ tí olùrà tó mọṣẹ́ máa ń wò, ó sì máa ń rò pé gbogbo ìbọn náà ni wọ́n ti tú tò. Ẹ gbé ara ìbọn sókè gbọọrọ, ẹ yí i padà, ẹ ka ọdún náà, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìbọn nínú àwòrán kan náà.

Ọjọ́ tó ń rìn náà wà. Ìbọn tó bá pé ọdún 50, tó sì wà bí wọ́n ṣe rọ ọ́, máa ń bọ́ sínú ẹ̀ka ìbọn àtijọ́. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ akójọ-ìbọn (oríṣi 03, 30 dọ́là fún ọdún mẹ́ta) lè rà á láti ìpínlẹ̀ mìíràn kó sì dé ọwọ́ rẹ̀ ní tààrà, bí òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá gbà á. Àwọn SP1 àkọ́kọ́ ti wọ̀ ọ́. Ìdí ìbọn tuntun tàbí ọ̀pá tuntun lè yọ ọ́ jáde.

Ohun tó ń ba owó jẹ́

Bí òfin bá ti lọ tán, ọwọ́ àwọn èèyàn á máa yún wọn láti dá ohun tí òfin mú kúrò padà. Ẹ ṣọ́ra fún ẹnu ìbọn tí wọ́n fi píìnì àti iná jó ohun kan mọ́. Ráífù kò gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá tó kúrú ju ínǹṣì 16 lọ, ohun tí wọ́n bá sì jó mọ́ ọn títí láé wà lára ìwọ̀n náà. Ẹ rí i pé ìbọn ṣófo, ẹ tì í, ẹ ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi kan ohun ìtì, ẹ sàmì sí i ní ẹnu, ẹ wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ gígùn ohun tó wà lẹ́nu kúrò. Bí èyí tó kù bá jẹ́ 14.5, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti rọ ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú, èyí tó wà lábẹ́ òfin 1934 nìyẹn. Láti 1 Oṣù Kìíní 2026, owó orí 200 dọ́là tó wà lórí irú èyí ti di òdo, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ṣì gba àṣẹ ATF kí ẹ tó ṣe é.

Èkejì ni ìbọn tí wọ́n kó wọlé lẹ́yìn 1989 pẹ̀lú ìdí onígi tí ihò àtàǹpàkò wà lára rẹ̀, bíi MAK-90, irú AK kan láti ilé iṣẹ́ Norinco ti Ṣáínà. Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà sí ìrísí ológun, ẹ̀yà tó wá láti òkè òkun kò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ nínú 20 tí òfin kà sílẹ̀. Mágásìnì nìkan jẹ́ mẹ́ta nínú wọn: ara rẹ̀, ohun tó ń ti ọta sókè, àti ìdérí ìsàlẹ̀. Òfin 1994 lọ, èyí kò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó jọ, ẹ fi ìdí onígi náà síbi tó wà. Ó burẹ́wà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn ti ń ṣọ̀wọ́n.

Ìgbà títà, àti òfin ìpínlẹ̀

Ohun tó jẹ́ owó òfin nìkan, ìyẹn mágásìnì lásán àti ìbọn tí wọ́n tò jọ, ẹ tà á ní ó kéré tán ọdún kan kí ọjọ́ ìparí tó dé. Olùrà náà lè ka ọjọ́. Ní oṣù tó kẹ́yìn wọ́n á kàn máa dúró ni. Bí ariwo pé wọ́n fẹ́ fi kún òfin bá sọ, ìgbà náà ni kí ẹ gbé ọjà jáde, kì í ṣe ìgbà tí ẹ ó rà. Irú ariwo bẹ́ẹ̀ ń gbé owó sókè láìsí òfin kankan: lẹ́yìn ìpànìyàn Sandy Hook ní Oṣù Kejìlá 2012, AR-15 àti mágásìnì tán lórí àtẹ, ní 17 Oṣù Kẹrin 2013 ilé aṣòfin àgbà dá àbá tó fẹ́ mú irú òfin 1994 padà nù ní 40 sí 60, owó sì rọra padà sílẹ̀.

Ní ti èyí tí owó ìbọn gan-an pọ̀ lára rẹ̀, ẹ má ta á nítorí ọjọ́ ìparí. Lẹ́yìn tí òfin bá lọ ni kí ẹ rà á, láàárín oṣù tí ẹ̀rù ṣì ń ba àwọn tó ní i.

Ọjà kan ṣoṣo kọ́ ni Amẹ́ríkà. Nígbà tí òfin àpapọ̀ ń kú lọ, Massachusetts ti sọ tirẹ̀ di aláìlópin ní Oṣù Keje 2004, nítorí náà ọjọ́ 13 Oṣù Kẹsàn-án 1994 ń mú owó wá níbẹ̀ fún ogún ọdún lẹ́yìn tó ti di asán ní Texas. Òfin ìpínlẹ̀ náà ti 2024 gbé ọjọ́ tirẹ̀ lọ sí 1 Oṣù Kẹjọ 2024. New York náà lo ọjọ́ 1994 yẹn títí òfin Oṣù Kìíní 2013 fi pa á rẹ́. Owó òfin tí ìpínlẹ̀ ń dì mú kì í kọjá ẹnu ibodè: bí ẹ bá gbé ìbọn náà lọ sí gbàǹjo ní ìpínlẹ̀ mìíràn, iye ibẹ̀ ni ẹ ó gbà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò tó níwèé àṣẹ níbi tí olùrà wà pé ṣé ó lè gba ìbọn yẹn kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí owó ìfiránṣẹ́ lọ àti bọ̀ pẹ̀lú owó iṣẹ́ oníṣòwò náà yóò jáde láti inú àpò yín bí ó bá kọ̀ ọ́.